Obìnrin Tó Mọ Ọ̀nà Tí Omi Ń Gbà

Kí ogun tó dé, kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Ẹ̀rọ ní ìlú náà. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tí ń jẹ́ Ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ omi ni wọ́n fi ń pè é, torí òun ni ilé-iṣẹ́ omi fi sídìí gbogbo páìpù Ìsàlẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Láàárọ̀ kùtù ni yóò ti gbé ọ̀pá irin gígùn lé èjìká, yóò máa lọ láti òpópónà dé òpópónà. Yóò ṣí ìdérí irin tó wà lẹ́bàá títì, yóò ti ọ̀pá náà bọ inú ihò, yóò sì yí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní kọ́kọ́rọ́ omi. Bó bá yí i, omi ti dé fún òpópónà yẹn nìyẹn. Bó bá yí i padà, ó di ọjọ́ mìíràn. Àwọn obìnrin a máa bi í léèrè omi kí wọ́n tó bi í léèrè ọmọ.

Etí ló fi ń ṣiṣẹ́ jù. Bí páìpù bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀, yóò fi ẹnu ọ̀pá irin náà kan ilẹ̀, yóò gbé etí lé ìdí rẹ̀, yóò sì di ojú. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a rò pé ó ń tòògbé lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ibi tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ní kí wọ́n gbẹ́, omi ni wọn yóò bá níbẹ̀.

Télọ̀ ni gbogbo ayé ń pe ọkọ rẹ̀, torí aṣọ ló ń rán. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àfi tó bá di ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí oníbàárà bá béèrè ìyàwó rẹ̀, yóò ní omi ló fẹ́ ẹ, pé àlè lásán ni òun, ìgbà tí omi bá sùn ni òun ń rójú rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí.

Apá méjì ni ìlú náà, Òkè àti Ìsàlẹ̀. Òkè ni táǹkì ńlá wà, páìpù kan ṣoṣo ló sì gbé omi rẹ̀ wá sí Ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Má-kánjú ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ omi ti Òkè. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ ìbáà máa jó, ohun tí yóò kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni "má kánjú." Ó fi ọdún mélòó kan ju Ìyá Ẹ̀rọ lọ. Ogún ọdún ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kò pè é ní Ìyá Ẹ̀rọ rí. Ìyàwó Télọ̀ ló ń pè é, torí Télọ̀ ló ń rán ṣòkòtò fún un.

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ ìlú ló bẹ̀rẹ̀ ogun náà. Bí eré bí eré, ó di òkò. Òkò di àdá, àdá di ìbọn. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, làwọn àgbà ń wí, ṣùgbọ́n àwọn tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn kò ráyè gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, omi dá ní gbogbo Ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kàn pé Má-kánjú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Odò nìkan ló kù, odò ọ̀hún sì wà láàárín ìbọn àti ìbọn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Télọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó ní òun ń bọ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn èèyàn ló gbé e padà wálé.

Ìyá Ẹ̀rọ sin ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti ọmọ rẹ̀ tú orí ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò lára tábìlì rẹ̀, wọ́n gbé e sínú àpò, wọ́n sì bá àwọn tó ń sá lọ. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé.

Nígbà tí àdéhùn àlàáfíà wáyé, ìjọba ní àwọn ṣọ́jà yóò máa ṣọ́ ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ṣọ́jà ni yóò máa darí àtúntò ìlú: àwọn ẹnjiníà, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti àwọn akọ̀wé. Wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, tí ìdajì òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tẹ́ sórí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ṣe tábìlì. Obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe olùdarí, awò wà lójú rẹ̀, bàtà tó wọ̀ dé kò sì yẹ fún eruku rárá. Ó kó ètò ìjọba dání, ìwé tó nípọn bíi búrẹ́dì, tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti ní oṣù tirẹ̀ nínú: ilé ẹjọ́ ní oṣù kìíní, àgọ́ ọlọ́pàá ní oṣù kejì, afárá ní oṣù kẹrin, omi ní oṣù keje. Olú-ìlú ni wọ́n ti kọ ọ́. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kò kàn dé ibẹ̀ rí ni.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí olùdarí fi rí i pé omi kò lè dúró de oṣù keje. Àwọn tó ń padà bọ̀ wálé ń mu omi odò, àwọn ọmọ wọn sì ń ṣu gbuuru. Ẹnjiníà ọ́fíìsì náà bá gbé àwòrán páìpù tó ti olú-ìlú wá jáde, torí ti ilé-iṣẹ́ omi ti jóná pẹ̀lú ilé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níbi mẹ́rin. Yanrìn ni wọ́n bá, àti àwo kan tó ti fọ́. Bíríkìlà kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló fi ṣọ́bìrì lélẹ̀, tó ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú mọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní ibùdó.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀rọ ṣe padà wálé nínú ọkọ̀ ìjọba, òun àti ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú àpò ẹ̀rọ ìránṣọ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fún wọn ní yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó wo àwòrán náà títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sọ fún ẹnjiníà pé páìpù tó ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọmọ òun ṣì wà nínú ikùn. Omíyalé ọdún kan ló jẹ́ kí wọ́n yí i gba ibòmíràn. Ó wá béèrè ṣọ́ọ̀kì.

Orí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì náà ló ya gbogbo Ìsàlẹ̀ sí. Ó kúnlẹ̀, ó ń fà á, ó ń dá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: ibí ni ilé ìwòsàn, ibí ni àwọn alágbẹ̀dẹ, ibí ni páìpù ti fẹ̀ sí i. Akọ̀wé ń dà á kọ sínú ìwé. Nígbà tó dé òpópónà tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Kò ya ilé kankan síbẹ̀. Ó fa ilà náà kọjá, ó sì ń bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn kò gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì náà, olùdarí pàápàá ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá kó má baà tẹ ìlú mọ́lẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ìwé nípọn nípọn lè má rí i.

Ṣùgbọ́n ìdajì ìlú ni Ìyá Ẹ̀rọ mọ̀. Ti Òkè ṣófo lórí sìmẹ́ńtì náà, gbogbo wọn sì mọ ẹni tí ìdajì yòókù wà nínú orí rẹ̀.

Nígbà tó yá ni wọ́n ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ omi. Ọ̀gá ṣọ́jà wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ètò ni pé kí wọ́n kọ́ táǹkì tuntun fún Ìsàlẹ̀, kí Òkè máa mu tirẹ̀, kí Ìsàlẹ̀ máa mu tirẹ̀, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá ṣọ́jà ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ó rọrùn láti ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ̀ tán síbẹ̀ kí olùdarí tó yíjú sí Ìyá Ẹ̀rọ, tó jókòó sórí àpótí létí ògiri, ó ní, "Mà, kí lẹ rí sí i?"

Ìyá Ẹ̀rọ dìde lórí àpótí náà. Ó ní, "Ọ̀gá, tí ẹ bá ṣe táǹkì méjì, ẹ ti kọ ogun náà sínú ilẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n máa bí lọ́la á béèrè ìdí tí omi wa fi yàtọ̀, a ó sì máa sọ ọ́ fún un." Ó wá fi kún un pé, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà o. Ẹni tí wọ́n ti omi mọ́ ni mí."

Àbá tó mú wá kò le. Ó ní kí táǹkì jẹ́ ọ̀kan. Níbi tí páìpù ti fi Òkè sílẹ̀ bọ́ sí Ìsàlẹ̀, kí wọ́n mọ ilé kékeré kan bo kọ́kọ́rọ́ omi, kí wọ́n fi àgádágodo méjì sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí Òkè di kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan mú, kí Ìsàlẹ̀ di ti èkejì mú. Ẹni tó bá fẹ́ ti omi yóò ní láti lọ pe ẹnìkejì. Ọ̀gá ṣọ́jà ní bí wọn kò bá gbà ńkọ́. Olùdarí ní ta ni yóò lọ bá Òkè sọ ọ́ ná. Gbogbo wọn ń wo ìwé iwájú wọn.

Ìyá Ẹ̀rọ ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun yóò lọ.

Ọmọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ó ti to ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ padà sórí pákó nínú yàrá wọn, ìdí rẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Màámi, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa la tún máa lọ kí i?"

"N kò fẹ́ lọ kí i. Páìpù ni mo fẹ́ lọ béèrè."

Ọmọ náà ní kí ló dé tí kì í fi ṣe ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀rọ ń jáde lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ bá a tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, kò sì wo ojú rẹ̀.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi tó jóná ní Òkè ni Má-kánjú ń gbé. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ń fi àkísà nu sípánà kan tí kò ní ohunkóhun tó fẹ́ fi ṣe. Bó ṣe gbójú sókè tó rí i, ó ní, "Ìyàwó Té—" Ó gbìyànjú láti dìde, orúnkún kò gbà fún un. Ìyá Ẹ̀rọ fa àpótí kan, ó jókòó. Ilẹ̀kùn ló ń wò.

Má-kánjú ló kọ́kọ́ lanu. "Wọ́n mú ọmọ mi ọkùnrin dúró tì mí, wọ́n gbé ìbọn sí i lọ́rùn. Mo ti omi náà. N kò ní sọ fún ọ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ mi yìí ni." Ó gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀, ó sì tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. "Bí mo ṣe ń yí i ni mò ń ka àwọn òpópónà tó máa gbẹ. Mo ka àwọn alágbẹ̀dẹ. Mo ka ilé ìwòsàn. Mo kà á títí mo fi dé ọ̀dọ̀ yín."

Omi bọ́ lójú Ìyá Ẹ̀rọ, kò nù ún. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ dání láti ibùdó, ọ̀rọ̀ tó ti tò sínú ara rẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ó wá ń wá wọn, kò rí èyí tó bá ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ mu. Ó ní, "N kò lè sọ nǹkan kan nípa ìyẹn lónìí. Ṣùgbọ́n páìpù tó gba ẹ̀yìn ilé-ìwé, ọ̀tún ló gbà ni, àbí òsì?"

Má-kánjú wò ó. "Má kánjú," ó ní. "Òsì ló gbà tẹ́lẹ̀. A yí i sọ́tùn-ún lọ́dún tí wọ́n kọ́ ilé olùkọ́ àgbà."

Lọ́jọ́ kejì, Má-kánjú sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìsàlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ ló lọ pàdé rẹ̀ níbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń yẹ èèyàn wò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń wo àwọn méjèèjì. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ kò yára ju bí orúnkún ọkùnrin náà ṣe lè gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, ó na ṣọ́ọ̀kì sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni Má-kánjú fi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó ń ya Òkè. Lọ́jọ́ kẹta, ilà tirẹ̀ àti ilà ti Ìyá Ẹ̀rọ pàdé ní agbedeméjì ilẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan yẹ ara wọn sílẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí ìbú ọwọ́ kan yẹn títí di ọ̀sán, bí wọ́n ṣe máa ń jiyàn láyé àtijọ́, àwọn akọ̀wé sì ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹnu.

Ìkúnlẹ̀ yẹn ti já orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ọmọ Ìyá Ẹ̀rọ, tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ló jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó ju ìró kan sí i, ó ní kó bọ́ ṣòkòtò náà. Ó lẹ aṣọ mọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó rán an ní ìlọ́po méjì, ó ká a, ó sì gbé e sórí àga lẹ́bàá rẹ̀. Má-kánjú fi ọwọ́ pa ojú ìránṣọ náà, ó mọ ọwọ́ Télọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò dúró gba ọpẹ́, ó ti wọlé padà.

Olùdarí kọ lẹ́tà ojú-ewé mọ́kànlá sí olú-ìlú pé kí wọ́n gbé omi ṣáájú, kó jẹ́ táǹkì kan, kí àwọn ará ìlú sì wà nínú ètò náà láti apá méjèèjì. Wọ́n fèsì pé wọ́n ti fọwọ́ sí ètò tó wà nílẹ̀. Ó tún kọ òmíràn, ó ya àwòrán orí sìmẹ́ńtì náà mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé: kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò lórí páìpù kan.

Ogójì òṣìṣẹ́ ni wọ́n gbà, ogún láti Òkè, ogún láti Ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dùn. Wọ́n fi ṣọ́bìrì halẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ṣọ́jà sì ti ń fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Má-kánjú ló ní kí wọ́n máa so ẹni Òkè kan pọ̀ mọ́ ẹni Ìsàlẹ̀ kan nídìí páìpù kọ̀ọ̀kan. "Páìpù tí èèyàn méjì bá gbé," ó ní, "kò sẹ́ni tó lè fi na ẹnìkejì." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìká wọn ń dùn wọ́n, kò ku agbára ìjà. Àwọn àgbà Òkè gba àbá àgádágodo méjì, wọ́n mọ ilé kékeré náà, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ omi láti apá méjèèjì.

Oṣù kẹrin ètò náà ni omi dé. Ó kọ́kọ́ wúkọ́ nínú ẹ̀rọ, ó pupa bí ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́. Olùdarí ti múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láti sọ, kò rí ẹni tó ń gbọ́. Ìyá àgbà kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ omi náà, ó ń fọ̀ ọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sì dúró dè é.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló dára lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan kò padà wálé mọ́ títí láé. Ilé ẹjọ́ ṣì wà ní ìpìlẹ̀. Ẹnì kan fọ́ ọ̀kan nínú àgádágodo náà nígbà kan, ìgbìmọ̀ omi sì fi ọjọ́ méjì pariwo léra wọn lórí, kí wọ́n tó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ariwo ni wọ́n fi jà á, kì í ṣe ìbọn. Wọ́n gbé olùdarí lọ sí ìlú mìíràn tí ogun ti bà jẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀rọ pé kí ni kí òun kọ́kọ́ ṣe. Ìyá Ẹ̀rọ ní kí ọmọ òun bá òun dá a lóhùn pé kó ra bàtà tó ṣe é rìn.

Ní ọdún kejì tí omi ti dé, Má-kánjú sùn, kò jí. Òkè ni wọ́n ti sin ín. Ìyá Ẹ̀rọ àti ọmọ rẹ̀ gòkè lọ. Àwọn èèyàn pọ̀, bẹ́ńṣì kò tó. Obìnrin kan tí kò mọ̀ wọ́n rí, tó ń to àwọn ẹbí síwájú, béèrè bí wọ́n ṣe jẹ́ sí olóògbé.

"A jọ ṣiṣẹ́ ni," Ìyá Ẹ̀rọ ní.

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí àwọn tó jókòó síwájú sún. Wọ́n sún, ìyá àti ọmọ sì jókòó sáàárín wọn.